Àwọn Awakọ̀ Kò Tíì Délé

"Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá mi. Ẹ má kánjú. Kí nìyí?"

Obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Tíṣà gbé àwòrán kan sókè. Ife ni, ife funfun tó ní etí kan. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tẹjú mọ́ ọn. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ṣe bí ẹni tó ń mumi. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Ṣíbí," ó ní.

"Ẹ ò jìnnà sí i. Inú ilé ìdáná kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ẹ tẹ̀ lé mi: i-fe."

"Ṣíbí."

"I-fe."

Ọkùnrin náà wo ẹnu Tíṣà, ó wo àwòrán, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó fara ti ilẹ̀kùn. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù wúwo wá láti ọ̀nà jíjìn. "Ṣíbí," ó tún sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣánlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu nìyẹn. Bàtà, ṣíbí ni. Òjò, ṣíbí ni. Tó bá fẹ́ lọ tọ̀, ṣíbí ló máa sọ, ìyàwó rẹ̀ á sì máa wo ojú rẹ̀ láti mọ irú ṣíbí tó jẹ́. Òun fúnra rẹ̀, ìyàwó tó ti ń bá a bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣíbí ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹ̀rín. "Ṣíbí ń jáde o, kí ni kí ṣíbí rà bọ̀?" ìyàwó á ní, ọkọ á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, omi ojú ń wá, ẹ̀rín kò bá a wá mọ́.

Nígbà tí Tíṣà kó àwọn àwòrán rẹ̀ sínú báàgì, ìyàwó sìn ín dé ìta.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ṣíbí?" ó bi í. "Èèyàn tó fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun látọjọ́ tó ti dáyé. Kì í ṣe orúkọ mi, kì í ṣe orúkọ ìyá rẹ̀."

"Òun kọ́ ló yàn án. Ọ̀rọ̀ tó kàn wà nítòsí nígbà tí ilẹ̀kùn tì ni."

"Ṣé ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?"

"Bó bá kúrú, tẹ́ ẹ sì kọjú sí i, á gbọ́ díẹ̀. Bó bá gùn, ohùn yín ló ń gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ẹ̀."

Ìyàwó ti mọ ìdáhùn ìbéèrè tó kù, síbẹ̀ ó béèrè. "Ṣé á lè kọ̀wé padà?"

Tíṣà gbé okùn báàgì rẹ̀ sí èjìká, ó wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ife ná," ó ní.

Nínú ilé yẹn, orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọkọ ni Akọ̀wé, ìyàwó ni Ẹnjiníà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá bá wọn ṣiṣẹ́ láràárọ̀ ni Ayàwòrán. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe, nínú yàrá ẹ̀yìn tó yẹ kó jẹ́ yàrá àlejò, láìsí ọ̀gá kankan lórí wọn. Òmìrán ni wọ́n sọ géèmù náà. Nínú rẹ̀, ogun ti parí, àwọn tó pàṣẹ ogun ti sá lọ, ó wá ku àwọn awakọ̀ tó ń wa òmìrán onírin, ẹ̀rọ ogun tó ga bí ilé alájà mẹ́ta, tó ní apá, tó ní ẹsẹ̀, tí awakọ̀ ń jókòó sí nínú àyà rẹ̀. Kò sí ìjà mọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ irin yẹn rìn padà sílé, la pápá gbígbẹ kan kọjá, pẹ̀lú orúnkún tó ń dún àti epo tó ń jò. Ẹni tó bá ń gbá géèmù náà ló máa pinnu: ṣé kó gbé àjèjì tó rí lọ́nà, ṣé kó ju ẹrù sílẹ̀ kí epo lè tó, ṣé kó dúró de ẹnì kejì rẹ̀ tí òmìrán tirẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ Ẹnjiníà ni ẹ̀rọ ìtàn tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé ló kọ àìmọye gbólóhùn kéékèèké. Ẹ̀rọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣe á máa rántí gbogbo ohun tí awakọ̀ bá ṣe, á máa mú gbólóhùn tó bá a mu, á máa rán wọn pọ̀, débi pé ìtàn èèyàn méjì kì í jọra. Bí awakọ̀ bá fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ ní òwúrọ̀, tí òjò wá ká a mọ́ ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà: *Òjò yìí kan náà ló ń pa á níbi tó o fi í sí.* Wọ́n ti gbé apá àkọ́kọ́ síta kí àwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Àwọn kan kọ̀wé pé nígbà tí àwọn débẹ̀, ṣe ni àwọn gbé ọwọ́ kúrò, tí àwọn kàn jókòó. Akọ̀wé ka ọ̀rọ̀ wọn sókè fún ilé gbọ́, ó ní, "Wọ́n yìn ín jù. 'Kan náà' yẹn ti pọ̀." Ó lọ yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ kejì ó dá a padà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò sí gbólóhùn tó kọ rí tí kò bá jà.

Ìjà yẹn ló ń jà lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí àìsàn dé. Apá ìkẹyìn ló kù, apá tí àwọn awakọ̀ ti máa délé. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ tó ń wá tí kì í ṣe irọ́. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, béèyàn bá ti ogun dé, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí..." Ọ̀rọ̀ náà wá lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnjiníà rò pé àwàdà ni, torí aláwàdà ni ọkọ rẹ̀. Kò gbójú kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ tí àga ṣubú ló tó yíjú.

Láti ìgbà náà, bí awakọ̀ bá ti dé ẹnu ibodè ìlú rẹ̀, kò sí nǹkan tí ẹ̀rọ ìtàn lè sọ fún un. Ẹnjiníà ti gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ ń dún bí ìwé ìlànà tí wọ́n ń fi sínú páálí fíríìjì: awakọ̀ dé ilé, ilẹ̀kùn ṣí, awakọ̀ wọlé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Kò pẹ́ tí Tíṣà lọ ni Ayàwòrán dé. Ó kọ́kọ́ lọ bá Akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ kí i.

"Bọ̀dá, ẹ kú àárọ̀, sà."

"Ṣíbí."

"Ṣíbí náà ni, sà," Ayàwòrán dá a lóhùn, ó sì fọwọ́ kan án léjìká. Ó wá tẹ̀ lé Ẹnjiníà wọ yàrá iṣẹ́, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹnjiníà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, torí kì í ti ilẹ̀kùn yẹn.

"Ilé-iṣẹ́ yẹn pè mí," ó ní. Àwọn tó fẹ́ bá wọn gbé géèmù náà jáde ló ń sọ. "Wọ́n ní kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ má kọjá. Bí kò bá ní ìparí, wọ́n á jáwọ́."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní à ń ṣe é."

"À ń ṣe kí ni?"

Ayàwòrán jókòó, ó tún dìde. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bínú. Àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra wọn tó gbòde yìí. Gbogbo ohun tí Bọ̀dá kọ wà lọ́wọ́ wa. Tá a bá kó o fún ọ̀kan nínú wọn, tá a ní, bí ọkùnrin yìí ṣe ń kọ̀wé nìyí, bá wa kọ ìyókù..."

"Ṣé ọ̀rọ̀ tó o ti ń gbé kiri látàná nìyẹn?"

"Látọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú ń tì mí ni."

"Ó yẹ kó tì ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rọ tiyín ń ṣa ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ọwọ́ kọ, mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni." Ó na ọwọ́ sí àwòrán òmìrán tó wà lára ògiri, èyí tí orúnkún rẹ̀ ti dípẹtà. "Kò sí ìṣó kan lára wọn tí èmi kọ́ ni mo yà á. Ilé-iṣẹ́ kan ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọn ò ní dúró dè mí títí ayé. Àǹtí, mo kàn fẹ́ kí wọ́n délé ni."

Láti pálọ̀, wọ́n gbọ́ tí Akọ̀wé ń ké sí ẹnì kan, ṣíbí, ṣíbí, kò sì sí ẹni tó lè mọ ohun tó fẹ́ láìjẹ́ pé ó lọ wò ó. Ẹnjiníà lọ wò ó. Ìrọ̀rí tó fi sẹ́yìn ló bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé máa ń wá, obìnrin kan tó ń rán aṣọ, tí kò sì gbà pé iṣẹ́ ni ohun tí èèyàn kò bá lè fọwọ́ dì mú. Bó bá ti wà níjokòó, Ẹnjiníà á yí ohùn padà. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Ṣé kí n bù kún un fún yín?" ó bi ọkọ rẹ̀ lórí oúnjẹ. Nígbà kan, Akọ̀wé ì bá ti máa ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní kí ó bù kún un fún àwọn ní tòótọ́, torí àwọn pọ̀. Nísinsìnyí, "o" àti "ẹ," bákan náà ni wọ́n rí létí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nu ẹnu àbúrò rẹ̀ tán, ó ká aṣọ ìnujú náà sí mẹ́rin. "Ìyàwó wa, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Mi ò ní bínú, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Eré yẹn ló fa gbogbo èyí. Kì í jẹun lásìkò, kì í sùn, ó ń fi gbogbo ọjọ́ ronú sí irin tó ń rìn. Ta ló rí irin tó ń rìn rí?"

"Iṣẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbà. Iṣẹ́ ni. Ṣé ó ti wá parí?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí náà lẹ ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti ń wá síbí." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ parí ẹ̀, ìyàwó. Bó bá jẹ́ òun ló máa kù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó pé lọ́wọ́ ẹ̀. Kó má lọ jẹ́ pé lásán ló lo ara ẹ̀ tán."

Akọ̀wé ń wo ẹnu àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tó wà láàárín àwọn tó ń sọ èdè tí kò gbọ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n lọ tán, Ẹnjiníà gbé fóònù, ó pe Ayàwòrán. "Jẹ́ ká kàn wò ó," ó ní. "Wíwò lásán ni o."

Iṣẹ́ náà kò gba àkókò tó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ Akọ̀wé lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, wọ́n ní kó mú àwọn awakọ̀ délé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbólóhùn sílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ẹnjiníà ń kà á lọ, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn sí èyí, ó ń mi orí sí tọ̀hún, títí ó fi dé ibì kan: *Ìyá rẹ jáde síta. Irin náà ló kọ́kọ́ wò, kó tó wo ojú rẹ.*

Ìgbà wo ló kọ èyí? Ó rò pé ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ síbì kan kí àìsàn tó dé, tí òun kò mọ̀. Ó ti fẹ́ dìde láti lọ wá ibi tí ìyókù wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rántí pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ó jókòó padà bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó sáré lọ ṣílẹ̀kùn, tó sì jẹ́ pé ará ilé kejì ló ń kọjá lọ.

"Èyí dára," Ayàwòrán sọ lẹ́yìn rẹ̀, kò gbóhùn sókè.

"Mo rí i pé ó dára."

"Ẹ jẹ́ ká kà á fún un."

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ sí pálọ̀. Ẹnjiníà jókòó níwájú ọkọ rẹ̀, ó ń kà á fún un bó ṣe máa ń kà á tẹ́lẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ohùn tó fi ń pè é wá jẹun. Nígbà tó dé ibi ìyá, ojú Akọ̀wé là. Ó na ọwọ́ òsì, ó fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà, ó wá dá ọwọ́ náà padà sí àyà ara rẹ̀. Ó gbá àyà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣíbí," ó ní. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀. Omi sì ti kún ojú rẹ̀.

Ẹnjiníà mọ ohun tó ń bi í. Ó wo Ayàwòrán; Ayàwòrán ń wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ìwọ lo kọ ọ́."

Ìdùnnú wọ ilé yẹn fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá ti wẹ̀ fún un láàárọ̀, Akọ̀wé á nàka sí yàrá iṣẹ́ kí wọ́n wá kàwé fún un. Ó ń jókòó ṣánṣán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń jẹun dáadáa. Nígbà tí Tíṣà dé, ó fà á lọ́wọ́, ó nàka sí kọ̀ǹpútà, ó gbá àyà hàn án. Tíṣà ní òun kò tíì rí i kí ara rẹ̀ yá gágá báyìí rí. Ẹnjiníà náà ti ń kó àwọn gbólóhùn tuntun sínú ẹ̀rọ ìtàn, ó ti wa òmìrán kan dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ òun ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, pé láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú wọn jáde, pé òun tó ni iṣẹ́ ti gbọ́ ọ, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ta ló tún kù tó máa ní rárá?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí páálí oògùn tuntun kan tí dókítà kọ fún ọkọ rẹ̀. Ó fa bébà pélébé tó wà nínú rẹ̀ yọ, ó ń kà á jáde lẹ́nu láìmọ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé òun.

"Má ṣe lò ó pẹ̀lú ọtí. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, jókòó. Bí ara bá ń yún ọ, má ṣe lò ó mọ́."

Akọ̀wé gbójú sókè. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

"Àyà ń dùn ọ́?" Ẹnjiníà ti dìde.

Ó mi orí. Ó nàka sí bébà náà, ó sì tún gbá àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣíbí," ó ní.

Ẹnjiníà jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn kàwékàwé yẹn ló fi sọ ọ́, torí ó fẹ́ mọ̀, ó sì ń bẹ̀rù láti mọ̀. "Tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó gbẹ," ó kà, "níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o."

Ojú Akọ̀wé là gẹ́gẹ́ bó ṣe là lọ́jọ́ ìyẹn. Omi ojú kan náà, ìgbéraga kan náà. Ọwọ́ òsì lọ sí àyà.

Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn. Kò sí èyí tí kò gbà pé tòun ni. Nígbà tó kà á tán, ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó ṣí omi, ó jẹ́ kó máa ṣàn sínú bẹ́sìn lásán. Ohun tó ti ń sá fún láti ìgbà tí àga ṣubú ti wá bá a níbi tó dúró sí. Ọkùnrin tó bá "kan náà" jà, tó yọ ọ́, tó dá a padà, kò sí nínú ilé náà mọ́. Kì í ṣe pé ó wà nínú, tí ilẹ̀kùn kàn tì mọ́ ọn. Ohùn tí òun fi ń kàwé ni ọkọ òun ń gbọ́ látọjọ́ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ẹ̀.

Ayàwòrán bá a nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò tíì jókòó tó fi rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí, ibo ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn wà?"

"Mo ti yọ wọ́n."

"Ẹ yọ wọ́n sí ibo?"

"Mo pa wọ́n rẹ́."

Ayàwòrán fi báàgì rẹ̀ lélẹ̀. Ẹnjiníà sọ ọ̀rọ̀ bébà oògùn fún un, kò fi ohunkóhun kún un, kò yọ ohunkóhun kúrò. Ayàwòrán gbọ́ ọ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ó dùn mí," ó ní. "Àmọ́ inú ẹ̀ dùn, Àǹtí. Bó gbọ́ ọ, bí kò gbọ́ ọ, inú ẹ̀ dùn. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Tá a bá gbé e jáde, gbogbo èèyàn á máa kí i. Wọ́n á ní ọ̀gá ni ọ́, ìparí yẹn pa wá lẹ́kún. Èmi ni màá máa kà á fún un. Á máa gbá àyà, èmi á máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí di ìgbà wo?"

"Àwa méjèèjì la jọ máa gbé e."

"Ìwọ á ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Èmi ni mo ń bá a gbé."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́ nígbà náà. Ká kọ ọ́ sí i gbangba."

"Ẹ̀rọ kò dé láti ibì kankan rí. Mo ka gbogbo rẹ̀ lánàá, mo tún un kà. Ó dára, kò sì sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀." Ó wo àwòrán òmìrán ara ògiri. "Bóyá àṣìṣe ni mò ń ṣe. Bóyá lọ́la màá kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí ni mo fẹ́ kó dúró."

"Wọn ò ní gbà á bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Á kú nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn wáyà ẹ̀rọ ìyàwòrán rẹ̀, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi rọ́bà dè wọ́n. Iṣẹ́ yẹn pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Kò fọwọ́ kan àwọn àwòrán ara ògiri.

"Ṣé o ń bínú sí mi?" Ẹnjiníà bi í.

"Rárá, Àǹtí. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Mo fi ọ̀dọ́ mi ya irin, mo sì gbádùn ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá pé..." Ó gba pálọ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ kí Akọ̀wé bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jáde.

Ẹnjiníà kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé iṣẹ́ ti dúró, kò ní tẹ̀síwájú. Ìdáhùn wọn dé kó tó pa kọ̀ǹpútà. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kí wọn kú ìfaradà. Ẹni tó kọ ọ́ ti ní irú rẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó hàn.

Irùngbọ̀n Akọ̀wé ti hù. Ẹnjiníà gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ bo àyà rẹ̀, ó fi ọṣẹ pa á lójú dé ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Oòrùn wọlé sí wọn lára. Ọmọ ilé kejì kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níta. Ó fá apá kan tán, ó ń ṣan abẹ nínú omi, ni Akọ̀wé bá gbé ọwọ́ jáde láti abẹ́ aṣọ, ó nàka sí yàrá iṣẹ́. Ó fẹ́ kó wá kàwé fún òun.

Ẹnjiníà gbé abẹ sílẹ̀. Ó wá sí iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè gún ara wọn, bí Tíṣà ṣe kọ́ ọ.

"Kò sí mọ́," ó ní.

Akọ̀wé ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo kọ ọ́. Ẹ̀rọ ni."

Ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo purọ́ fún ọ."

Ọwọ́ tó fi ń nàka rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹnjiníà dúró kí nǹkan kan yí padà lójú rẹ̀, ìbínú, ìbànújẹ́, ohunkóhun. Bóyá ó gbọ́ ọ. Bóyá ojú òun nìkan ló rí, tó mọ̀ pé ohun kan ń dun òun. Ó ṣe é bíi pé kó ní kó má dà á láàmú, pé òun á kà á fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sọ ọ́. Ọṣẹ ti ń gbẹ lójú Akọ̀wé. Bọ́ọ̀lù ìta kọ lu ògiri, ó tún kọ lù ú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Akọ̀wé gbé àgbọ̀n sókè, ó sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí i. Ẹnjiníà dìde, ó gbọn omi kúrò lára abẹ, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ń rọra ṣe é ní igun tí ẹnu ti wọ́ sísàlẹ̀, torí níbẹ̀, bí abẹ bá gé e, kò ní mọ̀.